Ohùn Ta Ni Darandaran Fi Ń Sọ̀rọ̀?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ kóbọ́ì la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé eré ọmọdé la fẹ́ fi ojú ewé yìí ṣe, níbi tó yẹ kí a ti máa jiyàn lórí àrànmọ́ àti ìpajẹ. Ọ̀rọ̀ èdè náà ni, ó sì kan ilé wa gan-an. Ọmọ abẹ́ òkè Arigbo ni wá, ní Ìgbó Ìdáàṣà, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Dassa-Zoumè. (Ẹ wo bí orúkọ ṣe ń rìn: ohun tí àwa ń pè ní igbó ni Fọ̀n ń pè ní zun, “nínú igbó” sì ni zunmɛ. Faransé gba ọ̀dọ̀ Fọ̀n wọlé, ó sì gbé igbó wa dání láìmọ̀.) Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa ní gbogbo ilé ìwé tí a lọ, láti a-b-c títí dé yunifásítì. Yorùbá tí a fi ń kọ èyí, ẹnu àwọn ìyá wa àti kíláàsì ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè la ti kó o jọ.

Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí àwọn kan nínú wa ti ń gba àwọn eré rédíò àtijọ́ ti Amẹ́ríkà sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, eré kóbọ́ì àti eré oníjìbìtì, tí wọ́n ń fi fóònù gbọ́ wọn lálaalẹ́. Ìjà ti dé lórí rẹ̀. Apá kan ní ìdọ̀tí òyìnbó ni, pé ẹni tí kò tíì gbọ́ ìjálá tán kò níṣẹ́ kankan lọ́dọ̀ kóbọ́ì. Apá kejì ní eré lásán ni, kí ẹ jẹ́ kí àwọn gbádùn ara àwọn. Àwa kò sí lẹ́yìn apá kankan. Ohun tí àwa ń sọ ni pé àwọn eré wọ̀nyí ṣe dáadáa níbì kan, wọ́n sì ṣe burúkú níbì kan, ibi méjèèjì sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ohùn. Lójú tiwa, àwa tí a ń ṣe eré rédíò ní ilẹ̀ Ìdáàṣà lónìí ti mú ibi burúkú yẹn, a sì ti fi ibi dáadáa sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí The Lone Ranger. Oṣù kìíní ọdún 1933 ni ó bẹ̀rẹ̀ ní iléeṣẹ́ rédíò WXYZ ní ìlú Detroit. George Trendle ni ọ̀gá ibẹ̀, Fran Striker ló ń kọ eré. Ọkùnrin kan fi aṣọ bojú, ó gun ẹṣin funfun, ó ń lé olè àti oníjìbìtì káàkiri. Ìtàn náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹṣin kankan nínú yàrá tí wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn a máa fi èèpo àgbọn méjì lura wọn. Àwọn ti Detroit ń fi rọ́bà onígi tí wọ́n fi ń ṣí ihò ilé ìyàgbẹ́ tó bá dí gún òkúta wẹ́wẹ́ nínú àpótí. Ẹni tó jókòó sílé, ẹṣin ló rí.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1941, Earle Graser, ẹni tó ń fọhùn akọni náà, kú nínú jàǹbá ọkọ̀. Kí ni kí wọ́n ṣe? Bó bá jẹ́ sinimá ni, wọn ì bá wá ẹni tó jọ ọ́, kí wọ́n sì da aṣọ bò ó lójú. Lórí rédíò, ohùn ni ojú, ohùn ni ara, ohùn náà ni aṣọ. Wọ́n wá kọ ọ́ sínú ìtàn pé akọni fara gbọgbẹ́, pé kò lè ṣe ju kí ó máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lọ. Fún eré bíi mélòó kan, Tonto ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe gbogbo wàhálà. Nígbà tí ọgbẹ́ san, ohùn Brace Beemer ló jáde, àwọn olùgbọ́ sì gbà á. A kò tíì rí ẹ̀kọ́ fónẹ́tíìkì tó dùn tó èyí. Nínú ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, tán-án-ná kì í gbọ̀n. Ohun tí etí fi ń dá ẹnì kan mọ̀ yàtọ̀ sí ẹlòmíràn ti dín kù púpọ̀. Àwọn ará Detroit wọ̀nyẹn kò ka ìwé fónẹ́tíìkì kankan, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí wọ́n lè gbé òkú pamọ́ sí.

Tonto yìí gan-an wá ni ẹjọ́ wa. Wọ́n dá a sílẹ̀ nítorí ìṣòro kan tí gbogbo ẹni tó bá ti kọ eré rédíò mọ̀: akọni tó ń dá rìn kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀, ẹni tí kò bá sì sọ̀rọ̀ lórí rédíò kò sí láyé. Ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n pè é nínú ìtàn. Òyìnbó kan, John Todd, ló ń fọhùn rẹ̀. Tonto gbọ́n, ó láyà, ó mọ ewé, ó mọ ipa ẹsẹ̀, ó sì ti yọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ewu lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n bó bá ti lanu, gẹ̀ẹ́sì tó ń jáde kò ní àmì àsìkò, arọ́pò-orúkọ àbọ̀ ló sì ń jókòó sí ipò olùwà. Èdè wo nìyẹn? Kì í ṣe èdè àwọn èèyàn rẹ̀. Kì í ṣe gẹ̀ẹ́sì ẹni tó ń kọ́ gẹ̀ẹ́sì náà. Èdè tí òǹkọ̀wé kan jókòó sí Detroit hun ni. Kódà “kemo sabe” tó fi ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, inú orúkọ àgọ́ ìsinmi àwọn ọmọkùnrin kan ní Michigan ni wọ́n ti mú un, àgọ́ tó jẹ́ ti àna James Jewell, olùdarí eré náà. Orúkọ Tonto fúnra rẹ̀, òmùgọ̀ ni lédè Spéènì. Nígbà tí ìtàn náà dé ilẹ̀ àwọn elédè Spéènì, wọ́n ní láti sọ ọ́ di Toro.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ìtàn ń sọ fún olùgbọ́ pé ọkùnrin yìí gbọ́n, gírámà ń sọ fún un pé kò gbọ́n. Títí di 1954 ni eré náà fi ń jáde lọ́tun-lọ́tun lórí rédíò. Ìtàn yí padà ní gbogbo ọ̀sẹ̀, gírámà wà níbẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Lójú tiwa, gírámà ló borí.

Gunsmoke tí CBS bẹ̀rẹ̀ ní 1952 dára jù ú lọ fíìfíì, a kò ní fi bò. Àgbàlagbà ni wọ́n ṣe é fún. William Conrad ló ń fọhùn Matt Dillon, ọ̀gá àwọn agbófinró ìlú Dodge. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rí i pé ìdákẹ́jẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀: ẹnì kan béèrè ọ̀rọ̀, ẹnì kejì kò dáhùn, ẹ ó gbọ́ bàtà lórí pákó, ẹ ó gbọ́ ajá lọ́nà jíjìn, kí ìdáhùn tó dé. Bí wọ́n ṣe gbé e lọ sí tẹlifíṣọ̀n ní 1955, James Arness ni wọ́n fi rọ́pò Conrad, nítorí Conrad sanra, ó sì kúrú sí ẹni tí ohùn rẹ̀ ti yà sọ́kàn àwọn èèyàn. A kò mọ̀ bóyá kí a rẹ́rìn-ín tàbí kí a káàánú rẹ̀.

Ohun tó wù wá jù lọ nínú àwọn eré wọ̀nyẹn ni oníjìbìtì. Nínú eré kóbọ́ì, olè máa ń yìnbọn, akọni máa ń yìnbọn, ṣùgbọ́n oníjìbìtì kì í yìnbọn. Ẹnu ló ní. Ó ń ta òògùn tó ń wo gbogbo àrùn, ó ń ta ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, ó ń ta káàdì, ó ń wàásù pàápàá. Àwọn òǹkọ̀wé kò fi irọ́ kọ ọ́. Ọkùnrin kan wà nítòótọ́ tí ń jẹ́ Clark Stanley, tó ń ta òróró ejò fún ẹni tí oríkèé ń dùn. Lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà ṣòfin oúnjẹ àti oògùn ní 1906, wọ́n yẹ òróró náà wò, kò sí ejò nínú rẹ̀. Wọ́n bu owó ìtanràn ogún dọ́là fún un. Ogún dọ́là péré! Ẹni tó bá ti wọ bọ́ọ̀sì láti Kùtọnu lọ sí Parakú mọ ọmọ ìyá Clark Stanley dáadáa. Ó dìde láàrin ọkọ̀, ó kí àgbà, ó kí aboyún, ó gbàdúrà fún awakọ̀, ó wá yọ ìgò kan láti inú báàgì.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan nípa ọ̀rọ̀ náà, “kóbọ́ì”. Ọ̀nà Faransé ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa, ni fáwẹ́lì àkọ́kọ́ fi jẹ́ ó. Lọ́dọ̀ àwọn ará Nàìjíríà tó gba ọ̀nà gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó máa gbọ́ kábọ́ì. Ìyẹn kò ṣòro. Èyí tó ṣòro ni ìtumọ̀. Ọmọkùnrin tó ń da màlúù ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Àwọn tó ń da màlúù pọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Collines ju ní ọ̀pọ̀ ibi lọ. Ǹjẹ́ ẹ ti gbọ́ ẹnikẹ́ni rí tó pe Fúlàní tó ń da màlúù kọjá lẹ́yìn òkè Arigbo ní kóbọ́ì? Ó ní màlúù, ó ní àkẹtẹ̀, ó ní ọ̀pá, ó ń sun pápá, àwọn òkè àpáta tó ń kọjá lábẹ́ wọn sì jọ èyí tó wà nínú fíìmù. Darandaran là ń pè é. Kóbọ́ì lọ́dọ̀ wa ni ẹni tó dé fìlà ńlá, tó sì mú ìbọn, bí kò tilẹ̀ tíì fojú kan màlúù rí. Iṣẹ́ ti bọ́ kúrò lára ọ̀rọ̀, fìlà ló kù. Bẹ́ẹ̀ sì ni ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, àwọn onítàn a máa fojú bù ú pé ó tó ẹnì kan nínú mẹ́rin àwọn kóbọ́ì gidi tó jẹ́ adúláwọ̀, àwọn ará Mẹ́síkò ló sì kọ́ àwọn òyìnbó níṣẹ́ náà, ìdí nìyẹn tí ranch àti rodeo fi jẹ́ ọ̀rọ̀ Spéènì. Rédíò kò fún àwọn wọ̀nyẹn ní ohùn púpọ̀.

Kóbọ́ì onífìlà yẹn ti wọ ilẹ̀ wa tipẹ́. Àwọn bàbá wa ka Blek le Roc, wọ́n ka Lucky Luke, wọ́n wo Trinita lórí aṣọ funfun. Ní 1966, Moustapha Alassane ará Nìjẹ̀r ṣe fíìmù kan tí ó pè ní Le Retour d'un aventurier: ọmọkùnrin kan ti Amẹ́ríkà dé, ó kó aṣọ kóbọ́ì bọ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n sì sọ abúlé di Texas, wọ́n ń jà, wọ́n ń jalè, títí tí abúlé fi dàrú mọ́ wọn lójú. Ní Kinshasa, àwọn ọ̀dọ́ tó ń pe ara wọn ní Bill, nítorí Buffalo Bill, dá ẹ̀nà tiwọn sílẹ̀, Indoubil, èyí tó pa Hindu àwọn fíìmù Íńdíà pọ̀ mọ́ Bill àwọn fíìmù kóbọ́ì nínú orúkọ rẹ̀. Nílé tiwa, ọ̀rọ̀ méjì ló ṣẹ́ kù lẹ́nu ọmọdé: akọni ni akitẹ́ẹ̀, ọ̀tá ni bàǹdí. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ní akítọ̀ àti bọ́ọ̀sì. Akitẹ́ẹ̀ kì í kú.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí rédíò tiwa. Ní 1994 ni wọ́n dá àwọn rédíò ìgbèríko àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ní Ouèssè níhìn-ín ní Collines. Òfin 1997 ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó kù. Lónìí, Ilema ń fọhùn ní Dassa, Collines FM ń fọhùn ní Glazoué, èdè wa sì ń jáde lórí afẹ́fẹ́. A dúpẹ́. Bí kò bá sí rédíò wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí Kùtọnu ni kò ní gbọ́ Ìdáàṣà lẹ́nu ẹni tí kì í ṣe ìbátan wọn. Eré náà wà, àwọn eré kéékèèké tí Faransé ń pè ní skẹ́ẹ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, àjọ kan ló sanwó rẹ̀: fọ ọwọ́ rẹ, gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, má sun igbó. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí ohùn inú wọn.

A kò ní dárúkọ rédíò kankan, nítorí kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Nínú àwọn eré tí a ti gbọ́, bí darandaran bá ti wọlé, ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀ kó tó parí gbólóhùn rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ń pariwo. Ó ń sọ ọ̀rọ̀-orúkọ lásán láìsí ọ̀rọ̀-ìṣe. Ó ń pe àgbà ní “ìwọ”. Wọ́n sọ fún un pé màlúù rẹ̀ wọ oko, ó ní “màlúù, màlúù!”, àwọn tó wà ní yàrá sì ń rẹ́rìn-ín. Tonto ni. Wọ́n gbé Tonto láti Detroit wá sí abẹ́ òkè Arigbo, wọ́n sì bọ́ ọgbọ́n rẹ̀ kúrò lára rẹ̀ kó tó dé, nítorí Tonto tiwọn gbọ́n, tiwa kò tilẹ̀ gbọ́n.

Ẹnì kan nínú ẹ̀ka wa sọ fún wa pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, pé òótọ́ ni eré ń sọ. A dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí iṣẹ́ wa ni. Láti ìgbà tí Selinker ti kọ̀wé nípa èdè àárín ní 1972, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè tí kò mọ̀ pé àṣìsọ ẹni tó ń kọ́ èdè kejì ní òfin. Fulfulde kì í ṣe èdè olóhùn. Nítorí náà, bí ẹni tó ń sọ ọ́ nílé bá ń kọ́ Ìdáàṣà, ibi tí ó ti máa kọ́kọ́ ṣòro fún un ni ohùn: òkè àti ìsàlẹ̀ lè fẹ́ di ọ̀kan náà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìdí kankan tí ọ̀rọ̀-ìṣe fi máa sọnù! Fulfulde kún fún ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń yí ìrísí padà nítorí àsìkò àti ibá. Òṣèré tiwa wá ṣe òdìkejì gẹ́lẹ́: ohùn rẹ̀ pé pérépéré, bí ọmọ Ìdáàṣà ṣe ń gbé e, gírámà ni ó jù nù. Ẹni tó bá ń wá òótọ́ kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń wá ẹ̀rín ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. A kò sì tíì sọ̀rọ̀ kan àwọn Fúlàní tí a bí sí Collines, tí wọ́n ń ná ọjà Glazoué láti kékeré, tí Ìdáàṣà wọn dán ju ti àwa ọmọ ilé ìwé Faransé lọ.

Ẹ tún wo nǹkan yìí. Ní ọ̀sán, nínú kíláàsì mọfọ́lọ́jì, a ń fi Fulfulde ya ara wa lẹ́nu. Ẹnì kan ni pullo, ọ̀pọ̀ wọn ni fulɓe. Kóńsónáǹtì ìbẹ̀rẹ̀ ń yí padà, ìsọ̀rí ọ̀rọ̀-orúkọ lé ní ogún, orí wa ń fọ́ ká tó lè to gbogbo rẹ̀ sínú tábìlì. Ní alẹ́, a tan rédíò, ẹni tó ni èdè yẹn kò sì lè so ọ̀rọ̀ mẹ́ta pọ̀.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, màlúù ń wọ oko iṣu, àgbẹ̀ ń yọ àdá, darandaran ń yọ ọ̀pá, èèyàn ń kú. Ọ̀rọ̀ náà tóbi débi pé ní ìparí ọdún 2019, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fòfin de àwọn màlúù tó ń ti ilẹ̀ òkèèrè wọlé wá jẹko. A kò sọ pé eré rédíò ló ń pa èèyàn. Ilẹ̀, omi àti ọ̀nà màlúù tí wọ́n ti fi ṣoko ló wà nídìí ìjà náà. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ìjà tó dé ọwọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ máa ń wà tí ẹnì kan lè fi sọ̀rọ̀. Àgbẹ̀ tó ti fi ọdún mẹ́wàá gbọ́ lórí rédíò pé ẹni tó dúró síwájú òun yìí kò gbọ́ èdè, kí ni yóò fi ìṣẹ́jú yẹn ṣe?

Àwa ló yẹ kó mọ bó ṣe ń dun èèyàn. Nínú ọ̀pọ̀ eré àwàdà Nàìjíríà, ẹni tó bá ti ìhà ọ̀dọ̀ wa wá, Ẹ̀gùn ni o, Àgànyìn ni o, ará Kùtọnu ni o, ohùn yìí kan náà ni wọ́n ń fún un. Imú ni ó fi ń sọ̀rọ̀, kò mọ ẹyọ owó, ó sì ń sọ ohun tí kò yẹ lójú àna. A jókòó nílé, a ń wò ó, inú ń bí wa. Lẹ́yìn náà la jáde lọ fún Fúlàní ní ohun tí a gbà lọ́wọ́ ará Èkó.

Oníjìbìtì ńkọ́? Ibẹ̀ ni a ti sọ ohun dáadáa àwọn eré Amẹ́ríkà nù. Nínú àwọn skẹ́ẹ̀ṣì wa, oníjìbìtì máa ń rẹ́rìn-ín kèékèé bí iwin, ohùn rẹ̀ há, ó sì ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé “màá jẹ owó wọn lónìí.” Olùgbọ́ mọ̀ ọ́n ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ta ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè tàn jẹ? Ní 2010, nígbà tí ICC Services wó lulẹ̀, owó tí wọ́n kà sí ju bílíọ̀nù 150 fáránkì CFA lọ ló ti wọlé sọ́dọ̀ wọn látọ̀dọ̀ àwọn èèyàn tó ń retí èlé tí báǹkì kankan kò lè san. Olùkọ́ wà níbẹ̀, onísòwò wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba wà níbẹ̀. Ọdún 2019 ni ilé ẹjọ́ CRIET tó dájọ́ wọn. Àwọn olówó wọ̀nyẹn kò gbọ́ ẹ̀rín iwin kankan. Ìkíni tó dára ni wọ́n gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ipè fóònù kan, irú èyí tó ń wọlé sórí fóònù àwọn ìyá wa: “Ẹ kú àárọ̀ o, màmá. Ṣé ara le? Ṣé bàbá jí dáadáa? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọmọ yín ni o, ẹ ò dá ohùn mi mọ̀ mọ́ ni?” Màmá dárúkọ ọmọ rẹ̀ kan fún un. Ó tán. Ẹni tó pè kò purọ́ kankan títí di ìgbà yẹn àfi “ọmọ yín”, èyí tí gbogbo ọmọdé sì ń sọ fún gbogbo àgbà lọ́dọ̀ wa. Ìkíni, orúkọ ìbátan, ọ̀wọ̀, gbogbo ohun tí a fi ń mọ ọmọlúàbí, òun náà ló fi ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ pé òun ṣèèṣì fi owó ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà màmá, kí màmá bá òun dá a padà kíákíá, kí màmá má tíì sọ fún bàbá. Gàyíman ni Kùtọnu ń pe irú wọn. Òfin ayélujára tí wọ́n ṣe ní 2018 ti mú púpọ̀ nínú wọn lọ sẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n òfin kò sí létí màmá nígbà tí fóònù ń dún.

Ohun tó mú wa kọ gbogbo èyí nìyí: oníjìbìtì orí fóònù, òṣèré rédíò ni. Kò ní ojú, kò ní aṣọ, ohùn ló ní. Ohun tí Detroit ṣe ní 1941, tí wọ́n fi ọgbẹ́ bo ohùn tuntun, òun ni gàyíman náà ń ṣe nígbà tó bá sọ pé òtútù mú òun, pé ìdí nìyẹn tí ohùn òun fi yí padà. Ẹni tí etí rẹ̀ ti mọ eré rédíò dáadáa yóò gbọ́ ìrán náà. Bàbá Sàlá ti fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe fíìmù rí, Ọ̀run Móoru, tí Ọlá Balógun darí ní 1982, nípa ọkùnrin tí oníjìbìtì gba owó rẹ̀ pẹ̀lú ìlérí pé yóò pọ̀ sí i. (Àwọn tó ń ṣe àdàkọ fíìmù láìgbàṣẹ tún wá fi fíìmù náà lu Bàbá Sàlá fúnra rẹ̀ ní jìbìtì, ó sì jẹ gbèsè lórí rẹ̀.) Ṣùgbọ́n sinimá nìyẹn. Eré tí etí nìkan ń gbọ́ ló lè kọ́ etí.

Àwọn àgbà ní ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì. A mọ bí wọ́n ṣe dá ọ̀rọ̀ náà: ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́, àwọn olùgbọ́ ń pe rédíò lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí a lo ìyẹn náà: kí eré dúró lágbedeméjì, kí olùgbọ́ pè wọlé kí ó sọ ibi tí òun ti fura.

A ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀kan. Ìsàlẹ̀ òkè Arigbo ni ó ti ṣẹlẹ̀, ní oṣù kẹjọ, nígbà tí àwọn onírìn-àjò ìjọ Àgùdà ń wọ́ wá sí ihò àpáta Màríà, bí wọ́n ṣe ń ṣe láti àádọ́rin ọdún sẹ́yìn. Èrò pọ̀, owó pọ̀, oníjìbìtì dé. Yorùbá rẹ̀ dán, Faransé rẹ̀ dán, ó mọ oríkì gbogbo èèyàn. Darandaran kan nìkan ló mọ̀ ọ́n, nítorí ó ti ra màlúù lọ́wọ́ rẹ̀ rí láìsanwó tán. Akọni wa kò gun ẹṣin. Zémìjàn ni ó ń gùn, kò sì sẹ́ni tó máa wá èèpo àgbọn kiri, nítorí zémìjàn wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí a ti fẹ́ gbà á sílẹ̀. Kò sí dókítà tó máa wá ṣàlàyé ohunkóhun ní ìparí. Ìdáàṣà ni a fi kọ ọ́, kì í ṣe Yorùbá inú ìwé. Àwọn kan ní kí a fi Yorùbá àjùmọ̀lò kọ ọ́ kí ará Ìbàdàn lè gbọ́. Ará Ìbàdàn ní rédíò tirẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ àkọtọ́, ɛ àti ɔ ti Bẹ̀nẹ̀ ni a lò, ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀ àti ọ̀ lè bá wa jà lẹ́yìn ìgbà tí eré bá ti jáde.

Iṣẹ́ kan ló kù. A kọ ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn inú eré náà tán àfi ti darandaran. Níbi tí ó ti ń sọ Fulfulde pẹ̀lú àbúrò rẹ̀, àti níbi tí ó ti ń sọ Ìdáàṣà fún wa ní ohun tó mọ̀, àlàfo la fi sílẹ̀, ojú ewé mọ́kànlá lápapọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ Fulfulde nílé nínú ẹ̀ka wa, a mọ̀ pé ẹ kò pọ̀, a sì mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kì í fẹ́ kí a mọ̀. Ìwé eré náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹ wá gbà á, kí ẹ sì fi gègé tiyín kọ ohun tí ọkùnrin yẹn máa sọ síbẹ̀. Bí ẹ bá rò pé ìtàn náà kò dára fún un, ẹ yí ìtàn náà padà.